Pípa Àyẹ̀wò Ìwé Ẹ̀rí Kì í Ṣe Àtúnṣe

Ní sáà tó kọjá, mo jókòó sẹ́yìn yàrá níbi tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa ti ń ṣe dífẹ́ǹsì projẹ́ẹ̀tì wọn. Ẹ̀gbọ́n kan dìde, ó fi ètò kan hàn wá tó ń gba orúkọ, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ àti ọ̀rọ̀ aṣínà akẹ́kọ̀ọ́, tó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí server. Ètò náà dára lójú, ó ń yára, kò kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Olùkọ́ kan wá bi í pé ìṣòro wo ló bá pàdé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Sà, OpenSSL ló yọ wá lẹ́nu. Ó ní òun ò gba ìwé ẹ̀rí server wa gbọ́. A wá pa àyẹ̀wò yẹn, gbogbo nǹkan sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ geere." Àwọn tó jókòó ń mi orí. Ẹnì kan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́. Wọ́n fún un ní máàkì rẹ̀, máàkì náà sì tọ́ sí i fún ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn.

Èmi ò lè pàtẹ́wọ́. Kì í ṣe pé mo gbọ́n ju ẹ̀gbọ́n náà lọ. Ohun tó ṣe lèmi náà ṣe ní ọdún kẹta mi, màá sì sọ bó ṣe jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo wá sọ láì fepo bọyọ̀. Ẹni tó bá pa àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí kí ètò rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ kò tún nǹkan kan ṣe. Ó ba nǹkan jẹ́ ni, ó sì bà á jẹ́ lọ́nà tí kò ní dun òun alára. Ẹlòmíràn ni yóò dùn. Projẹ́ẹ̀tì tó bá wà bẹ́ẹ̀, tó sì ń gba ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn èèyàn, kò yẹ kí ẹka wa gbà á wọlé.

Kí ni àyẹ̀wò náà ń ṣe gan-an? Ọ̀pọ̀ wa rò pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni TLS ń ṣe, pé ó ń sọ ọ̀rọ̀ wa di àdììtú kí ẹni tó wà lójú ọ̀nà má lè kà á. Iṣẹ́ kan nìyẹn. Iṣẹ́ kejì ni pé ó ń rí i dájú pé ẹnikẹ́ni ò yí ọ̀rọ̀ náà padà lọ́nà. Ìkẹta, èyí tí à ń pa yìí, ni mímọ ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀. Láyé àtijọ́, bí ọba kan bá pa àrokò ránṣẹ́ sí ọba ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹni tó gbé e lọ lè má mọ ìtumọ̀ rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n bí àrokò náà bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí a kò fi rán sí, tí onítọ̀hún sì mọ àrokò í kà dáadáa, àṣírí wo ló kù? Ohun tí SSL_VERIFY_NONE ń ṣe nìyẹn. Ètò rẹ á ṣì sọ ọ̀rọ̀ náà di àdììtú. Ó kàn jẹ́ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ nawọ́ ni yóò bá fohùn ṣọ̀kan lórí kọ́kọ́rọ́ tí wọn yóò fi tú u. Lórí Wi-Fi wa níbí, ẹni tó bá fẹ́ kọ́kọ́ nawọ́ kò nílò ọgbọ́n púpọ̀. Á fi láptọ́ọ̀pù rẹ̀ dá hotspot sílẹ̀, á fún un ní orúkọ tí Wi-Fi ẹka ń jẹ́, á sì jókòó.

Ìtàn tèmi rèé. A jẹ́ mẹ́rin, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹka wa sì ní kí a bá àwọn kọ ètò tí wọn yóò máa fi gba owó ẹgbẹ́. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, Ubuntu 18.04 ló wà lórí rẹ̀. Èdè C la fi kọ ọ́, nítorí pé òun ni wọ́n ń kọ́ wa ní sáà yẹn, a sì fẹ́ ṣakọ díẹ̀. Akọ̀wé owó yóò tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, yóò tẹ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, nọ́ńbà rẹ̀ àti iye tó san, ètò yóò sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí server tí a háyà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lórí láptọ́ọ̀pù wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí a gbé e dé ọ́fíìsì, ó kọ̀ jálẹ̀. Ohun tó kọ sójú kọ̀ǹpútà nìyí:

error:1416F086:SSL routines:tls_process_server_certificate:certificate verify failed

A jókòó tì í láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n mú iná lọ. Ọjọ́ kejì ni alága ẹgbẹ́ sì fẹ́ fi ètò náà han gbogbo èèyàn. Mo bá pe ẹ̀gbọ́n wa kan tó ti jáde, tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Èkó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káalẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ó ń sọ pé certificate verify failed, bẹ́ẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù tèmi."

"Àbúrò, ìyẹn ò tó nǹkan. Ṣé SSL_VERIFY_PEER lẹ fi síbẹ̀? Ẹ yí i sí NONE. Ẹ lọ sùn."

A yí i sí NONE. A lọ sùn. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa.

Ẹgbẹ́ lo ètò yẹn fún sáà méjì gbáko. Nígbà tí a dé ọdún kẹrin, olùkọ́ wa nínú iṣẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì ní kí kálukú dán ààbò ètò tó bá ti kọ rí wò. Mo mú ètò ẹgbẹ́. Mo fi àṣẹ openssl req dá ìwé ẹ̀rí ayédèrú kan, kò gbà mí tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo kọ ọ́ sínú fáìlì /etc/hosts pé láptọ́ọ̀pù mi ni server ẹgbẹ́. Mo ṣí ètò náà. Kò bi mí léèrè ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ aṣínà tí mo tẹ̀ ní ìhà ìhín jáde ketekete ní ìhà ọ̀hún, tòun ti orúkọ àti nọ́ńbà tí mo fi dán an wò. Òógùn bò mí. Mo ronú kan gbogbo ọjọ́ tí akọ̀wé owó, ọmọbìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan tó fọkàn tán wa, ti jókòó sí ọ́fíìsì yẹn lórí Wi-Fi tí gbogbo ayé mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Bóyá ẹnì kan jí nǹkan, bóyá ẹnì kan ò jí, ètò wa kò lè sọ, nítorí ẹnu tí ìbá fi sọ ọ́ la ti dì.

Mo padà sí ọ́fíìsì láti lọ wá ìdí ọ̀rọ̀, ohun tó sì bí mi nínú jù nìyẹn. Ìlà kan péré ni mo fi kún ètò: mo ní kó pe SSL_get_verify_result, kó sì fi X509_verify_cert_error_string kọ ìtumọ̀ ohun tó bá rí. Ó kọ nọ́ńbà 9 sílẹ̀, ó sì kọ ọ̀rọ̀ yìí tẹ̀ lé e: certificate is not yet valid. Ìwé ẹ̀rí yìí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo tẹ àṣẹ date. Kọ̀ǹpútà ní ọdún 2018 la wà.

Bátìrì ni. Bátìrì pẹlẹbẹ tó dà bí owó ẹyọ, CR2032, tó ń bá kọ̀ǹpútà ka aago nígbà tí iná ò bá sí, ti kú. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ ni aago kọ̀ǹpútà náà ń padà sẹ́yìn, ìwé ẹ̀rí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà fún server wa kò sì tíì dáyé lójú rẹ̀. OpenSSL kò ṣì wá gbọ́, kò ṣe agídí, kò yọ wá lẹ́nu. Òótọ́ ló sọ, àwa ni a kò bi í ní ìbéèrè kejì. Mo ra bátìrì kan lọ́dọ̀ onítúnṣe aago lẹ́nu géètì, mo yí aago padà sí bó ṣe yẹ, mo dá SSL_VERIFY_PEER padà. Ó ṣiṣẹ́. Nítorí bátìrì aago la ṣe ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún sáà méjì.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ẹjọ́ tèmi ṣọ̀wọ́n. Kò ṣọ̀wọ́n. Wo àwọn nọ́ńbà yẹn dáadáa, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní àìsàn tirẹ̀ àti oògùn tirẹ̀. 10 ni pé ìwé ẹ̀rí ti kọjá àsìkò, kí ẹni tó ni server lọ sọ ọ́ dọ̀tun. 18 ni pé server fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí ara rẹ̀. 20 ni pé kọ̀ǹpútà rẹ kò rí ìwé ẹ̀rí àjọ tó fọwọ́ sí ti server; nígbà mìíràn server ló gbàgbé láti fi ìwé ẹ̀rí àárín ránṣẹ́, nígbà mìíràn ìwọ ni o kò pe SSL_CTX_set_default_verify_paths. 62 ni pé orúkọ tí o pè kọ́ ló wà lórí ìwé ẹ̀rí náà, èyí tó lè jẹ́ àṣìṣe ọwọ́ rẹ, tó sì lè jẹ́ pé olè gan-an lo bá pàdé. Ẹni tó bá fi NONE dáhùn gbogbo wọn dà bí oníṣègùn tó ń fún ẹni tí ibà ń ṣe, ẹni tó dá lẹ́sẹ̀ àti ẹni tí ejò bù jẹ ní oògùn orun kan náà. Wọn yóò dákẹ́ lóòótọ́.

Ìwà yìí kì í sì í bẹ̀rẹ̀ lórí ìwé ẹ̀rí. Ibi kọ̀ǹpáìlì ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ la ti ń kọ́ ara wa pé ohun tó bá ń pariwo, kí á wá nǹkan fi dí i lẹ́nu.

Àkọ́kọ́ tí olúkúlùkù ń bá pàdé ni openssl/ssl.h: No such file or directory. Gbogbo ohun tó ń sọ ni pé o ní láíbìrì tí ètò fi ń ṣiṣẹ́, o kò ní àwọn header tí a fi ń kọ ètò. Lórí Debian àti Ubuntu, libssl-dev lorúkọ ohun tó ń wá. Lórí Fedora, openssl-devel. Ó tán. Ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tó lọ ń wa ssl.h jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń kó o sínú fódà rẹ̀, header ẹ̀dà 1.0.2 lórí láíbìrì ẹ̀dà 3. Ó kọ̀ǹpáìlì nígbẹ̀yìn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí ló kú sójú ọ̀nà.

Tí undefined reference to SSL_new bá jáde, linker ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe kọ̀ǹpáílà. Fi -lssl -lcrypto sí ìparí àṣẹ rẹ, lẹ́yìn orúkọ fáìlì tí o kọ, kí -lssl sì ṣáájú. Ipò wọn ṣe pàtàkì, linker ń kà láti òsì sí ọ̀tún.

Èyí tó ń bí mi nínú ni ti libssl.so.1.1. Ubuntu 22.04 dé pẹ̀lú OpenSSL 3, ètò tí a kọ̀ǹpáìlì fún ẹ̀dà 1.1 wá ń sọ pé òun kò rí láíbìrì òun. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí o tún ètò rẹ kọ̀ǹpáìlì. Ọ̀nà tí wọ́n ń pín kiri nínú WhatsApp kíláàsì wa ni ln -s, kí o fún libssl.so.3 ní orúkọ libssl.so.1.1. Ìyẹn ni pé kí o mú àbúrò, kí o fún un ní aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí o sì retí pé ìyàwó ilé kò ní mọ̀. Àwọn mìíràn ń wa fáìlì .deb ti ẹ̀dà 1.1 jáde láti ibi tí wọn ò mọ̀, wọ́n ń fi sudo gbé e wọ inú kọ̀ǹpútà wọn. Láíbìrì ààbò, tí o gbà lọ́wọ́ ẹni tí o kò mọ̀ rí! Ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni àwọn tó ń ṣe OpenSSL sì ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró lórí ẹ̀dà 1.1.1.

Lẹ́yìn náà ni àwọn àpẹẹrẹ kóòdù àtijọ́. Láti ẹ̀dà 1.1.0, tó jáde ní ọdún 2016, wọ́n ti fi inú àwọn nǹkan bíi EVP_MD_CTX pamọ́. Ẹni tó bá kọ EVP_MD_CTX ctx. Bí àpẹẹrẹ rẹ̀ ṣe kọ ọ́ yóò gbọ́ pé storage size of 'ctx' isn't known. Ó yẹ kó lo EVP_MD_CTX_new, kó sì dá a padà pẹ̀lú EVP_MD_CTX_free. Ní ẹ̀dà 3.0, tó jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, MD5_Init àti SHA256_Init ti di ohun tí wọ́n ń kìlọ̀ pé kí a yẹra fún. Kí ni à ń ṣe sí ìkìlọ̀ náà? À ń fi -w sí Makefile. Àmì kékeré yẹn kò mọ èyí tí o fẹ́ gbọ́ yàtọ̀ sí èyí tí o kò fẹ́ gbọ́. Gbogbo ìkìlọ̀ ló ń pa lẹ́nu pátá. Ẹ̀yin ẹlẹ́kọ̀ọ́ Python, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ verify=False, tí ìkìlọ̀ bá sì jáde pé ohun tí ẹ ṣe léwu, ẹ ń kọ urllib3.disable_warnings() lé e lórí. Ẹ dí i lẹ́nu, ẹ tún wá dí ẹni tó ń sọ pé ẹ dí i lẹ́nu.

Ẹni tó ti tẹ̀ lé mi dé ibí ti lè rí bí àwọn méjèèjì ṣe so kọ́ra. Àpẹẹrẹ tó dára jù ni ti ẹni tó bá ní òun kò fẹ́ wàhálà ẹ̀dà, tó wá wa OpenSSL jáde, tó tẹ ./config, make, make install. Ó ti gbìyànjú. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Linux, inú /usr/local/lib64 ni láíbìrì tuntun náà ń lọ jókòó sí, ẹ̀rọ sì lè má mọ ibẹ̀ títí tí o fi máa kọ ọ́ sí ojú ọ̀nà ldconfig. Nígbà tó bá wá borí ìyẹn, ètò rẹ̀ yóò ṣí, yóò sì bá nọ́ńbà 20 pàdé lórí gbogbo server tó wà láyé. Ìdí ni pé OpenSSL tí o kọ́ fúnra rẹ kì í kó ìwé ẹ̀rí àwọn àjọ dání. Tẹ openssl version -d, yóò fi fódà tó ń wò hàn ọ́. Lọ síbẹ̀, fódà certs ṣófo. Àwọn ìwé ẹ̀rí tí Ubuntu kó wá wà nínú /etc/ssl/certs/ca-certificates.crt, fi SSL_CERT_FILE júwe rẹ̀ fún un, ó parí. Ẹni tí kò bá mọ èyí, tó ti jà láti àárọ̀, tí dátà rẹ̀ ti fẹ́ tán, ní wákàtí yẹn gan-an ni yóò kọ NONE. Mi ò bú u. Mo mọ bó ṣe ń rí lára.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àìsàn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni. Ní ọdún 2006, àwọn irinṣẹ́ tó ń ṣàyẹ̀wò ìlò ìrántí kọ̀ǹpútà, Valgrind àti Purify, ń kìlọ̀ pé OpenSSL ń ka ibi tí a kò tíì kọ nǹkan sí. Olùtọ́jú OpenSSL ní Debian béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn, lẹ́yìn náà ó yọ ìlà méjì tó ń fa ìkìlọ̀. Ọ̀kan nínú wọn kò ṣe nǹkan tí a ò lè pàdánù. Èkejì ni ibi tí gbogbo nǹkan àìròtẹ́lẹ̀ tí a fi ń ṣe kọ́kọ́rọ́ ń gbà wọlé. Ìkìlọ̀ dákẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ kan yàtọ̀ sí òmíràn ni nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń fún ètò tó bá ń ṣiṣẹ́, èyí tí kò kọjá 32,768. Fún ọdún bíi méjì, gbogbo ẹni tó dá kọ́kọ́rọ́ SSH tàbí ìwé ẹ̀rí lórí Debian tàbí Ubuntu ń mú ọ̀kan nínú àkójọ tí ẹnikẹ́ni lè kọ tán. Oṣù karùn-ún ọdún 2008 ni wọ́n tó kéde rẹ̀, lẹ́yìn tí Luciano Bello rí i, àwọn èèyàn káàkiri ayé sì ń sáré paàrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe é, ó sì béèrè kó tó ṣe é. Àwa ń ṣe tiwa láì béèrè.

Ní ọdún 2012 bákan náà, àwọn olùwádìí láti Stanford àti Yunifásítì Texas ní Austin yẹ àwọn ètò tó ń lo irú láíbìrì wọ̀nyí wò, kì í ṣe ti ọmọdé, ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ni, tí àwọn kóòdù ìsanwó Amazon àti PayPal fún àwọn oníṣòwò wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ ni kò yẹ ìwé ẹ̀rí wò bó ṣe yẹ. Ọ̀kan tó yẹ kí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ PHP fi sọ́kàn ni CURLOPT_SSL_VERIFYHOST. 2 ló ń jẹ́ kí curl fi orúkọ wé orúkọ. Àwọn tó ń kọ ètò fi true síbẹ̀, wọ́n rò pé àwọn ti tan àyẹ̀wò; true jẹ́ 1, 1 sì kàn ń wò ó nígbà náà bóyá orúkọ kan wà lórí ìwé ẹ̀rí, orúkọ yòówù kó jẹ́. Curl ti yí ìyẹn padà lẹ́yìn náà.

Èyí gbé mi dé ibi tí mo ti gbọ́dọ̀ gbà fún àwọn tó ń bá mi jiyàn, nítorí wọ́n ní ẹjọ́. OpenSSL le. Ọ̀rọ̀ tó ń kọ sójú kọ̀ǹpútà nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, bí 1416F086 yẹn, kò jọ ohun tí èèyàn kọ fún èèyàn. Èyí tó burú jù, tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: bí o bá fi C kọ ètò tó ń lọ bá server, tí o kò sọ nǹkan kan nípa àyẹ̀wò, NONE gan-an ni OpenSSL ń lò. Ìwọ lo gbọ́dọ̀ béèrè fún PEER. Kódà bí o bá béèrè, kò ní fi orúkọ server wé ti orí ìwé ẹ̀rí àfi bí o bá tún pe SSL_set1_host. Kí ẹ̀dà 1.0.2 tó jáde ní 2015, láíbìrì náà kò tilẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀ láti bá ọ wé orúkọ, kálukú ń kọ tirẹ̀ ni. Láíbìrì fúnra rẹ̀ kò sì mọ́ tónítóní. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, Heartbleed jáde: ẹnikẹ́ni lè ní kí server tó ń lo 1.0.1 dé 1.0.1f dá ohun tó tó 64 kílóbáìtì padà láti inú ìrántí rẹ̀, kó sì máa béèrè léraléra, ọ̀rọ̀ aṣínà àti kọ́kọ́rọ́ lè wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ẹ̀bi àwa nìkan kọ́, òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n bí irinṣẹ́ bá mú tó bẹ́ẹ̀, ṣé ó yẹ kí a máa dijú mú un? A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá: à ń bínú sí nọ́ńbà gígùn tó kọ sójú kọ̀ǹpútà, a sì fi ètò tó ń bá olè sọ̀rọ̀ sílẹ̀.

"Projẹ́ẹ̀tì lásán ni." Èyí ni mo ń gbọ́ jù. Ètò tiwa náà, projẹ́ẹ̀tì lásán ni títí tí akọ̀wé owó fi jókòó sídìí rẹ̀. Àwọn ètò wa kì í dúró sí ibi tí a kọ wọ́n sí. A ń gbé wọn sórí GitHub, àbúrò wa ń wa wọ́n jáde, oníléètajà kan lẹ́nu géètì ń sanwó fún un kí wọ́n bá òun fi gba owó, ìlà kan ṣoṣo yẹn sì ń bá wọn lọ. Òfin Ìdáàbòbò Dátà tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ní kí ẹni tó bá ń tọ́jú ìròyìn nípa ara ẹlòmíràn dáàbò bò ó bó ṣe yẹ. Kò sí ibi tó ti ní àfi bí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Àwọn tó sì ní "server ìdánwò wa kò ní ìwé ẹ̀rí gidi" kò nílò NONE. Dá ìwé ẹ̀rí tìrẹ, kí o wá fi SSL_CTX_load_verify_locations sọ fún ètò rẹ pé òun nìkan ni kó gbà gbọ́. Àkókò tí yóò gbà ọ́ kò tó èyí tí wọ́n fi ń to fún oúnjẹ ní kánífá. Àyẹ̀wò wà ní títàn, ètò ń ṣiṣẹ́, lọ́jọ́ tí o bá gbé e lọ sí server gidi, ojú ọ̀nà fáìlì kan ni wàá yí padà.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ẹka kò pọ̀. Kí olùdarí projẹ́ẹ̀tì tó fọwọ́ sí ìwé ẹnikẹ́ni, kó wá VERIFY_NONE, verify=False, VERIFYPEER àti curl -k nínú kóòdù rẹ̀; iṣẹ́ grep ni. Nítorí ẹni tó ń kọ C lè má kọ NONE rárá kó sì wà nínú NONE, kí wọ́n tún gbé server ayédèrú kan kalẹ̀ lọ́jọ́ dífẹ́ǹsì, kí akẹ́kọ̀ọ́ júwe ètò rẹ̀ sí i. Bí ètò bá kọ̀ láti sọ̀rọ̀, máàkì ààbò pé. Bó bá sọ̀rọ̀, kó padà wá ní sáà tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, ẹ̀yin tí à ń pè ní aago mọ́kànlá alẹ́, ẹ dákun, ẹ má sọ pé kí a lọ sùn mọ́. Ẹ bi wá pé nọ́ńbà wo ni SSL_get_verify_result kọ. Ẹ ní kí a tẹ openssl s_client -connect pẹ̀lú -servername, kí a ka ìlà Verify return code sí yín létí. Ẹ ní kí a tẹ date. Bí a kò bá lè dáhùn, ẹ pa fóònù yín, kí a lọ wá a.

Mo ti tún ètò ẹgbẹ́ kọ, akọ̀wé owó tuntun sì ti yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà. Èyí àtijọ́, mo lọ bá ọmọbìnrin yẹn fúnra mi, mo sọ ohun tí a ṣe fún un, mo sì bẹ̀ ẹ́. Inú rẹ̀ kò dùn. Server ayédèrú tí mo fi dán an wò ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ètò tirẹ̀ ṣe máa ṣe níwájú rẹ̀, kó gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá sí làbù ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Màá ti tan án sílẹ̀, bí iná bá wà.